Ìdajì Omi, Ìdajì Òògùn

Òórùn kan wà tí mi ò lè gbọ́ kí n má rántí ìyá tó bí ìyá mi. Kì í ṣe òórùn ọbẹ̀, kì í sì í ṣe ti lọ́fínńdà. Òórùn kúláńtì gbígbóná ni, ìyẹn omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ má baà gbóná jù. Ó máa ń rùn bí ìgbà tí ṣúgà bá ń jóná nídìí ìkòkò. Ibi yòówù kí n ti gbọ́ ọ, ọ̀nà Igando ni ọkàn mi máa ń gbé mi lọ, ní ìdájí, tí mo di ọwọ́ Ìyá Àgbà mú nínú ọkọ̀ tí kò rìn mọ́, tí ẹ̀rù sì ń bà mí pé bóyá ni a ó dé ibi tí à ń lọ.

Ìdímù ni ilé wa wà. Bàbá mi ń ta pákó, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Alhaji, bẹ́ẹ̀ ni ibi tó jìnnà jù tó tíì dé láyé ẹ̀ nígbà náà ni Òṣogbo. Ó ní ọkọ̀ kan tó ti rí ayé kó tó dé ọwọ́ wa, ọkọ̀ aláwọ̀ eérú tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kan kì í ṣí láti inú. Alàgbà la ń pè é. Bàbá mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ohun tó bá ti dàgbà tó yẹn, èèyàn ò gbọdọ̀ máa pè é lórúkọ gbẹrẹfu. Tí ọkọ̀ náà bá kọ̀ tí kò fẹ́ gbéra láàárọ̀, á ní, "Ẹ fún Alàgbà láyè, ó ń rò ó lọ́wọ́ ni."

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Alímọ̀ṣọ́, ẹ ó rántí omi wa. Omi bọ̀hóòlù tí à ń fà nígbà yẹn, tí o bá pọn ọ́n sínú báàfù lálẹ́, tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ìpẹtà ti rọ̀ sí ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá fi fọ aṣọ funfun ti sọ aṣọ ọ̀hún di àdìrẹ. Ìyá mi ò gbà kí irú omi bẹ́ẹ̀ kan ẹnu Alàgbà láéláé. Omi òjò ló ń tọ́jú fún un. Tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀, kò ní gbé igbá jáde, á ní kí ti àkọ́kọ́ yẹn fọ eruku orí páànù lọ. Ti ìkejì, ó lè gbé báàfù sí i fún aṣọ fífọ̀. Àfi ti ìkẹta lọ sókè ni yóò tó gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, tí yóò fi aṣọ funfun sẹ́ omi náà, tí yóò sì dé e pa. A ò gbọdọ̀ bù ú mu. Wọ́n ní ti ọkọ̀ ni.

Bó ṣe máa ń rí láràárọ̀ nìyí. Bàbá mi á ti ibi ìrun dé, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìyá mi á sì gbé bútà tó kún fún omi òjò fún un. Bútà méjì ló wà nílé wa, ọ̀kan ti àlùwàlá, ọ̀kan ti Alàgbà. Ìyá mi á dúró tì í, á rọra nawọ́ sí ẹnu rédíétọ̀ tó ti gbẹ, á ní, "Ó tún ti mu ún tán, Bàbá Ṣadé. Òùngbẹ yìí pọ̀." Bàbá mi á ní, "Àgbàlagbà ni, jẹ́ kó mu." Ọmọdé ni èmi Ṣadé, mo rò pé báyìí ni gbogbo tọkọtìyàwó ṣe máa ń kí ara wọn káàárọ̀.

Ìyá Àgbà wá bá wa gbé láti Ìṣẹ̀rí-Olófin nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, kò sì fi ìjọ rẹ̀ ṣeré rárá. Pé ọmọ òun fẹ́ Mùsùlùmí kò dí i lọ́wọ́ kó máa gbàdúrà fún àna rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, pẹ̀lú ohùn tí gbogbo ojúlé fi ń gbọ́. Awọ funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì nígbà yẹn. Tó bá fẹ́ lọ ẹ̀yìnkùlé, èjìká mi ló ń dì mú, á máa wí pé, "Rọra, ọ̀pá mi, rọra."

Ọdún tó dé yẹn ni ìyá mi bí àbúrò mi, Ayọ̀. Ìyá Àgbà ló ń wẹ̀ ẹ́. Kò rí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò ṣìnà. Tó bá wẹ̀ ẹ́ tán, á gbé e lé itan, á máa fi ìka kan tọ ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. "Imú bàbá rẹ̀ rèé. Ètè yìí, tèmi ni." Nígbà mìíràn á gbé ojú ọmọ náà súnmọ́ tirẹ̀ gan-an, á wò ó, á wò ó, á sì mí kanlẹ̀. Mo máa ń kúrò níbẹ̀ tó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ó máa ń dùn mí.

Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni wọ́n máa ṣe fún ojú náà ní ọsibítù Igando, wọn á bó awọ ọ̀hún kúrò. Ìyá Àgbà ní ẹnikẹ́ni ò ní fi irin kan ojú òun. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí, bàbá mi bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ìgbà tó yá ni ìyá mi gbé Ayọ̀ lé e lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, ojú lọba ara. Ṣé ọmọ yìí máa wá rìn, ẹ ò ní mọ̀ bó ṣe rí?" Lọ́jọ́ kejì ni Ìyá Àgbà ní òun á lọ, ṣùgbọ́n ohun méjì ni kí a gbọ́. Àkọ́kọ́, omi tí wọ́n gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì òun ni òun máa fi bọ́jú kí dókítà tó fọwọ́ kàn án. Ìkejì, "Bí ọ̀nà bá dí lọ́jọ́ náà, ẹ má bá mi sọ ọ́ mọ́. Mo ti mọ̀ pé Olúwa ò fọwọ́ sí i nìyẹn."

Gbólóhùn ìkejì yẹn ló kó bàbá mi sí wàhálà. Ó mọ Alàgbà. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń mu bútà omi kan lójúmọ́ lè dí ọ̀nà mọ́ ẹnikẹ́ni. Ló bá gbé e lọ bá Múfú, mẹkáníìkì wa. Múfú tú omi inú rédíétọ̀ sílẹ̀, omi náà sì pupa bí epo tí wọ́n ti dín nǹkan nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní, "Alhaji, omi lásán yìí ti ń jẹ irin inú ẹ́ńjìnnì. Kúláńtì ló yẹ kẹ́ ẹ máa lò." Inú bí ìyá mi nígbà tó gbọ́. Ó ní, "Omi òjò tèmi? Tí mo fi aṣọ sẹ́?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọsibítù, bàbá mi gbé kúláńtì dé nínú jálá aláwọ̀ ewé. Gbogbo wa jáde wá wò ó. Ó ń dán lójú oòrùn, ó rí bíi ohun mímu ọmọdé, ìyá mi sì kìlọ̀ fún mi pé májèlé ni, n kò gbọdọ̀ fi ìka kàn án. Bàbá mi dà á sínú rédíétọ̀, ó ń dà á, ó ń dà á. Ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà tòun ti bútà rẹ̀, ó ní, "Ẹ ò ní fi omi díẹ̀ sí i?" Bàbá mi ní, "Rárá o. Òògùn lèyí. Tí díẹ̀ bá dáa, púpọ̀ á dáa jù." Ó dà á títí tó fi kún. Kódà nígbà tí ìyá mi fẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì omi tó máa ń wà nínú bọ́ọ̀tù padà síbẹ̀, ó ní kó gbé e sílẹ̀, pé ọkọ̀ tó ń mu òògùn ò tún gbé omi kiri. Ìyá mi gbé bútà rẹ̀ wọlé.

Ìdájí la gbéra. Ìyá Àgbà wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn láàárín èmi àti ilẹ̀kùn tí kì í ṣí, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìyá mi pọn Ayọ̀ sí iwájú, ó jókòó ti bàbá mi. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, kòtò ojú ọ̀nà ti kún. A kọjá Ìkọ̀tún wọ́ọ́rọ́wọ́, bàbá mi ń súfèé. Àfìgbà tí a bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ akólẹ̀ tó ń lọ sí ààtàn Sólọ́ọ̀sì. Ó ń wọ́, àwa náà ń wọ́, ọ̀nà sì ga díẹ̀ níbẹ̀. Òórùn ilẹ̀ náà gba inú ọkọ̀, gbogbo wa di imú mú.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ ju ọwọ́ sílẹ̀ nímú. Ó ní, "Ta ló ń jó ṣúgà?"

Bàbá mi wo dáṣíbọọ̀dù, súfèé náà sì dákẹ́. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná ti wọ ibi pupa. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa ọkọ̀. Nígbà tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, èéfín ò jáde, omi ò hó, nǹkan kan ò jò. Ohun tó rú u lójú gan-an nìyẹn. Ó ní, "Kò kúkú hó. Kí ló wá ń gbóná sí?" Ó fẹ́ fi ọwọ́ kan orí rédíétọ̀, ó tún fà á sẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ fún wa pé a kì í ṣí ẹnu ohun tó bá ń bínú, à ń fún un láyè ni.

Ó pe Múfú lórí fóònù. Oorun ṣì wà lójú Múfú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dé etí gbogbo wa.

"Ṣé ẹ fi omi lù ú?"

"Omi kẹ̀? Ṣebí ìwọ lo ní omi ló ń bà á jẹ́."

"Omi lásán ni mo sọ, Alhaji. Ìdajì omi, ìdajì kúláńtì ni. Kúláńtì nìkan ki jù, kò lè gbé ooru jáde dáadáa, pàápàá nínú rédíétọ̀ tó ti gbó. Ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ tú díẹ̀ kúrò nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi omi rọ́pò ẹ̀."

Bàbá mi fi fóònù sápò. Kò wo ojú ìyá mi. Bàbá mi lọ kan géètì kan, ó kan ìkejì. Ọlọ́dẹ kan bá a sọ̀rọ̀ láti inú, ó ní iná ò sí láti ìjẹta, táńkì ti gbẹ. Ṣọ́ọ̀bù kan ò tíì ṣí. Omi kòtò nìkan ló wà nílẹ̀, ẹrẹ̀ lásán sì ni, kò ṣe é dà sínú ẹ́ńjìnnì. Ó padà dé lọ́wọ́ òfo, ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀.

Ìyá mi rọra ní, "Ẹ jẹ́ ká wọ bọ́ọ̀sì tó bá kọjá. Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbí."

Ìyá Àgbà ní, "Bọ́ọ̀sì wo? Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Mo ti sọ ọ́."

Kò pariwo, kò bínú. Bí ẹni tó ti ń retí ọ̀rọ̀ kan tó wá gbọ́ ọ ló ṣe rí. Ìyá mi yí ojú sí fèrèsé, Ayọ̀ sì ń fi ọwọ́ gbá a lójú. Èmi di ọwọ́ Ìyá Àgbà mú. Ọwọ́ náà tutù. Mo mọ̀ pé tí a bá fi lè yí ọkọ̀ yìí padà, ó parí nìyẹn, kò tún ní rí ojú àbúrò mi mọ́ láyé.

Bàbá mi yí wá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ̀. Bàbá mi tí kì í gbà pé òun ṣì í, tó lè bá ẹ jiyàn lórí àṣìṣe tí o rí pẹ̀lú ojú ara rẹ. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú orúnkún méjèèjì. Ìyá Àgbà ò rí i, ṣùgbọ́n ó gbọ́ pé ohùn rẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀, ó sì tẹ orí sí i.

Ó ní, "Màmá, kì í ṣe Ọlọ́run ló dí ọ̀nà. Èmi ni. Ìyá Ṣadé ní kí n fi omi sí i, mi ò gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àṣejù tèmi bínú sí ojú yín."

Ọkọ̀ akólẹ̀ mìíràn kọjá, ó ta omi kòtò sí wa lára.

Ìyá Àgbà ní, "Kí ni ọkọ̀ náà ń fẹ́ báyìí?"

"Omi ni, Màmá."

"Kí lẹ ní orúkọ rẹ̀ ń jẹ́?"

"Alàgbà, Màmá."

Ó fi ọwọ́ wá ẹnu kẹ́ẹ̀gì tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. "Alàgbà ò lè máa kú lọ nítorí òùngbẹ kí èmi gbé omi sẹ́sẹ̀. Ẹ gbé e."

Bàbá mi ò gbé e. Ó ní, "Omi ojú yín ni, Màmá."

Ìyá Àgbà ní, "Ojú mi kọ́ ló wà nínú ọkọ̀ ni? Àbí òun nìkan á fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá dókítà? Ọlọ́run tó mọ̀ pé ẹ máa gbàgbé omi nílé ló ní kí n gbé tèmi dání. Ẹ gbé e, jàre, ilẹ̀ ń mọ́ lọ."

A dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù. Bàbá mi wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú kúláńtì sínú abọ́ tí ìyá mi gbé wá fún oúnjẹ ọsibítù. A fi abọ́ yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ Múfú lẹ́yìn náà, a ò jẹ nǹkan nínú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé kẹ́ẹ̀gì sókè. Ìyá Àgbà ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà láti inú ọkọ̀, bàbá mi wí pé "Bísímílà," ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á. Ìyá Àgbà ń gbàdúrà, bàbá mi ń ṣe àmín, omi àdúrà ń wọlé lọ bá òògùn òyìnbó. Ìyá mi bọ́ sílẹ̀, ó wá dúró tì í bíi ti àárọ̀ gbogbo. Mo rí i tó fi ọwọ́ nu ẹrẹ̀ kúrò ní àgbọ̀n ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, gbogbo wa ń wo abẹ́rẹ́ náà. Ó gòkè, ó dé àárín, ó dúró síbẹ̀.

Omi tó kù nídìí kẹ́ẹ̀gì kò ju ẹ̀kún ọwọ́ lọ. Ìyá Àgbà fi bọ́ ojú rẹ̀ lẹ́nu géètì ọsibítù, ó ní ó tó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí báńdéèjì ojú àkọ́kọ́, ìyá mi gbé Ayọ̀ síwájú rẹ̀. Gbogbo wa rò pé á sunkún, tàbí kó kọrin. Ó wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ó mà lórí ńlá o." Lẹ́yìn náà ló wá gbé e mọ́ àyà, tó fi àgbọ̀n lé orí ńlá ọ̀hún, kò sì fẹ́ gbé e sílẹ̀ mọ́. Ó wo èmi náà. "Ọ̀pá mi, ta ló ní kó o ga tó báyìí?" Nígbà tí a jáde, tó rí ọkọ̀ tó ti ń gbé e kiri láti ọjọ́ yìí, ó dúró, ó ní, "Ṣé èyí ni Alàgbà? Ó ti gbó kọjá ohun tí mo rò." Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀.

Láti ìgbà náà ni "ìdajì omi, ìdajì òògùn" ti di ọ̀rọ̀ ilé wa. Tí bàbá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbaná jẹ nítorí ọ̀rọ̀ kékeré, ìyá mi á ní, "Omi dà?" Bó bá sì jẹ́ ìyá mi ló ń jẹ́ kí àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ máa rẹ́ ẹ jẹ, bàbá mi á ní òògùn ti dín nínú rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé àdúrà ló mú ọkọ̀ náà tutù. Mo ti wá ní ọkọ̀ tèmi báyìí, mo sì ti mọ̀ pé omi ló máa ń gbé ooru lọ jù, àmọ́ òun náà ló ń mú irin dípẹtà, tó sì tètè máa ń hó. Àwọn tó ṣe kúláńtì, nítorí òtútù ìlú wọn ni wọ́n ṣe é, kí omi má baà di yìnyín nínú ẹ́ńjìnnì. Òtútù tó ń sọ omi di yìnyín kò dé Ìdímù rí. Tiwa ni pé kí irin má dípẹtà, kí omi má sì tètè hó, ìdajì sí ìdajì náà ló sì ṣe é. Èyí tí mò ń rà báyìí, wọ́n ti lù ú pọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ohun tí mi ò mọ̀ lọ́mọdé ni pé ẹ̀rù ń ba bàbá mi. Mo rò pé àgbàlagbà tó bá di ọwọ́ ìdarí ọkọ̀ mú ti mọ gbogbo nǹkan.

Mo mọ̀ ọ́n báyìí, torí ó ti kàn mí. Ìyá Àgbà ti lọ sinmi, ó fi ojú rẹ̀ rí Ayọ̀ tó fi gba ìwé mẹ́wàá. Ojú ìyá mi ló ń ṣú báyìí. Mo rí i lóṣù tó kọjá tó ń fi ìka tọ ojú ọmọ mi láti iwájú orí dé àgbọ̀n, mo sì bọ́ síta kí n má baà sunkún lójú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún wa ní Igando. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní, "Bí ọ̀nà bá dí lọ́jọ́ náà, ẹ má bá mi sọ ọ́ mọ́." Mi ò sùn dáadáa láti ìgbà yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé ọkọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan lọ bá mẹkáníìkì.

Láàárọ̀ àná, mo wá a nínú yàrá, mi ò rí i. Ìdí dúrọ́ọ̀mù ni mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé. Ó fi ọwọ́ òsì wá ẹnu kẹ́ẹ̀gì, ó fi ọ̀tún rọra ń bu omi òjò sí i, díẹ̀ ń ṣàn sí i lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ó ní, "Ti ọkọ̀ rẹ ni. Bí ọ̀nà bá ní òun fẹ́ dí, kí á má gbà fún un."